Kọ̀ǹpútà Kan Ló Ń Mú Íntánẹ́ẹ̀tì Gbogbo Ilé Falẹ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, Abuja. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí.

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń wo fóònù kí n tó la ẹnu, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé tó ń falẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì ń fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ilé àti ọ́fíìsì láti Kubwa yìí dé Lugbe. Ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi kì í yàtọ̀ síra: "Mo ṣe sọ́bù, owó gidi ni mo san, àmọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, gbogbo nǹkan á máa yí, kò ní ṣí. Àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ti lù mí ní jìbìtì." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Èrò máa ń pọ̀ lórí òpó ní ìrọ̀lẹ́, wáyà sì máa ń já. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn báńkì pàápàá kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò dáadáa, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kó ṣe sí i. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń bá pàdé, inú ilé ló wà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló máa ń dá a sílẹ̀, ẹni tó ni ín kì í sì í mọ̀, torí òun nìkan ni nǹkan ò ṣe. Ẹni tó ń pariwo jù nínú ilé kọ́ ló ń jẹ dátà. Ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ lọ wò.

Abuja tún ní tirẹ̀. Ilé wọ́n níbí, a sì ń há ara wa mọ́ra. Onílé wà níwájú, ayálégbé wà ní BQ, àbúrò tó wá sin ìlú wà ní yàrá àlejò. Láti ìgbà tí Starlink ti dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, mo ti rí kọ́ńpáǹdù tí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún dáwó jọ ra ẹyọ kan. Àwọn mìíràn ń lo ráútà 4G oní-síìmù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ká inú ilé. Kò burú. Èmi náà ń pín tèmi pẹ̀lú aládùúgbò. Àmọ́ nǹkan tí a jọ ń lò, ẹnì kan lè bà á jẹ́ fún gbogbo wa láì dìde lórí àga.

Kí a tó mú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ilé ni àbí òde. Ẹ mú kọ̀ǹpútà kan, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ráútà, kí ẹ sì yọ gbogbo ẹ̀rọ tó kù kúrò lórí Wi-Fi. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti yọ wọ́n ni kí ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù Wi-Fi fún wákàtí kan. Ẹ sọ fún ará ilé kí ẹ tó ṣe é o, torí mo ti débi tí ọkọ àti ìyàwó ti fẹ́ jà lórí èyí. Ẹ wá yẹ ìyára rẹ̀ wò lórí fast.com tàbí Speedtest. Tó bá falẹ̀ nígbà tó kù ní òun nìkan, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀bi wọn. Tó bá yára, ẹ máa dá àwọn ẹ̀rọ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kánjú. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá pọ̀ bíi ti ilé-ìwé, ẹ pín wọn sí méjì, ẹ dá ìdajì padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́, ìdajì yẹn ni ọ̀daràn wà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyẹn lọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, ojú fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi wáyà so yẹn, ẹ tẹ ping 192.168.1.1 -t, kí ẹ tẹ Enter. Nọ́ńbà yẹn ni àdírẹ́sì ráútà yín. Ti àwọn kan jẹ́ 192.168.0.1, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ìdí ráútà. Ẹ ṣí ojú fèrèsé kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ ping 8.8.8.8 -t síbẹ̀. Ìyẹn ti Google ni, ó wà ní òde. Méjèèjì á máa kọ òǹkà jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan: iye àsìkò tí ọ̀rọ̀ fi lọ tó fi bọ̀. Milisẹ́kọ́ǹdì ni wọ́n fi ń kà á, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló pé ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Nígbà tí ilé tutù, ti ráútà á máa sọ 1, 2, 1, 3. Ti òde á máa sọ 60, 64, 58, tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó dá lórí irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń lò. Ẹ wá jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù tí a fura sí wọlé. Ti ráútà ò ní yí padà, 2 náà ni. Ṣùgbọ́n ti òde á fò: 64, 210, 870, 1,600, kó tó wá kọ Request timed out, ìyẹn ni pé ìdáhùn ò dé mọ́. Ẹ yọ láptọ́ọ̀pù yẹn kúrò, ẹ ó rí i tí òǹkà á sọ̀ kalẹ̀ lójú yín. Kò sí iyàn jíjà mọ́. Bí ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù bá ń búra pé òun ò ṣe nǹkan kan, ẹ pè é wá wo ojú kọ̀ǹpútà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ohun tí gbogbo ayé rò kọ́ ni. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá falẹ̀, a máa ń rò pé ẹnì kan ń da fíìmù wọlé ni. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń pa ilé jù ni èyí tí à ń fi ránṣẹ́ síta. Ọ̀nà ìwọlé fẹ̀, ọ̀nà ìjáde tẹ́ẹ́rẹ́. Kò ṣàjèjì kí ráútà 4G máa gba 20 megabit wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó má lè fi ju 2 lọ ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ń polówó, 20 ni wọ́n ń kọ gàdàgbà. Tí ẹ bá rí 2 yẹn níbi kankan lórí bébà ìpolówó, ẹ pè mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ilé-iṣẹ́ ń fi bíìtì ka ìyára, kọ̀ǹpútà ń fi báìtì ka fáìlì, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Fídíò ìgbéyàwó tó jẹ́ gígábáìtì 3, ìyẹn mẹ́gábáìtì 3,000, jẹ́ megabit 24,000. Tó bá ń gba ọ̀nà tó ń fi 2 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 12,000, ìyẹn wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Ní gbogbo wákàtí yẹn, ọ̀nà ìjáde ti kún dẹ́nu.

Ẹ lè ní, "Èmi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́, YouTube ni mò ń wò, kí ló kàn mí?" Ó kàn yín gan-an. Bí fídíò ṣe ń wọ inú fóònù yín ni fóònù ń dá ìdáhùn kéékèèké padà: èyí ti dé, mú òmíràn wá. Ọ̀nà ìjáde náà ni ìdáhùn yẹn ń gbà. Tó bá há sọ́nà, àwọn tó ń fi fídíò ránṣẹ́ sí yín lọ́hùn-ún á rò pé ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò tètè dé ọ̀dọ̀ yín, wọ́n á dẹwọ́. Báyìí ni ohun tó ń jáde ṣe ń dí ohun tó ń wọlé.

Ráútà náà tún ń dá kún un. Gbogbo wa la mọ mai ruwa, àwọn tó ń ti omi kiri tà. Ká ní ẹ̀rọ omi kan ló wà ní àdúgbò, ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo, mai ruwa sì ti gbé tọ́rọ́ọ̀kù rẹ̀ dé, ó to kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbọọrọ. Ìwọ wá mú ife kan lọ́wọ́. Omi inú ife yẹn kò gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn ni wọ́n ní kí o tò sí. Ife yẹn ni ìpè WhatsApp yín. Kẹ́ẹ̀gì ni fídíò ìgbéyàwó. Àwọn tó ṣe ráútà rò pé oore ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n fi àyè ńlá sínú rẹ̀ kí ọ̀pọ̀ ẹrù lè tò láì dànù. Àyè kìlóbáìtì 256, lórí ọ̀nà tó ń fi megabit 1 ránṣẹ́, ó gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ó tó tú tán. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì lórí fóònù, ẹ mọ bó ṣe gùn tó. Ẹ ó ní "ẹ ń lẹ́", òun náà á ní "ẹ ń lẹ́", ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Jim Gettys, ògbólógbòó onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ló tọpa ọ̀rọ̀ yìí ní 2010, nígbà tó ń da fáìlì ńlá láti ilé ara rẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé sì ń kú. Bufferbloat ló sọ àìsàn náà. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní CoDel. Kì í wo bí ìlà ṣe gùn tó, bí ẹrù ṣe pẹ́ tó lórí ìlà ló ń wò. Tó bá ti ń pẹ́ jù, á ju díẹ̀ nù kí ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ lè mọ̀ pé kó rọra. Àbúrò rẹ̀ fq_codel tún ń jẹ́ kí oní-ife kọjá ṣáájú oní-kẹ́ẹ̀gì. Ó wà nínú àwọn ráútà kan báyìí. Mo máa padà síbẹ̀.

Ta wá ni oní-kẹ́ẹ̀gì nínú ilé? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé kan ní Gwarinpa. Ìyá ilé ń ṣe ìpàdé lórí Zoom, ohùn rẹ̀ ń já. Ó ti pààrọ̀ síìmù, ó ti ra ráútà mìíràn. Mo dé ibẹ̀, mo ṣe ping tí mo sọ yẹn, mo ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kù láptọ́ọ̀pù kan lórí tábìlì ìjẹun. Ó ṣí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lò ó." Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager ṣí. Mo wọ Performance, mo tẹ Open Resource Monitor, mo bọ́ sí Network, mo wá tẹ orí òpó Send kí ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ jù lè gòkè. OneDrive.exe, ètò Microsoft tó ń kó fáìlì lọ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló wà lókè téńté, òǹkà rẹ̀ ń lọ sókè sódò nítòsí 250,000 báìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi mẹ́jọ sọ ọ́ di púpọ̀, megabit 2 nìyẹn, gbogbo ọ̀nà ìjáde ilé. Ọmọ wọn ọkùnrin ló da fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí Desktop láti orí fíláàṣì. Kò mọ̀ pé ohunkóhun tó bá ti wà lórí Desktop yẹn, OneDrive á gbé e lọ sí ojú ọ̀run, ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ẹ tẹ àwòrán ìkùukùu tó wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ ní kó sinmi fún wákàtí 2, 8 tàbí 24. Tí ẹ bá fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láì pa ilé lára, ẹ wọ Settings rẹ̀, ẹ fi òdiwọ̀n sí ohun tó lè fi ránṣẹ́. Lórí ọ̀nà megabit 2, kìlóbáìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò tó ìdajì, ilé á rí mí. Google Drive náà ní irú ètò yìí. A gbé fídíò yẹn kúrò lórí Desktop, ìpàdé màmá sì bọ̀ sípò kí n tó di àpò mi.

Windows fúnra rẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Láti Windows 10 tó jáde ní 2015 ni ètò kan ti wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Delivery Optimization. Kọ̀ǹpútà yín lè gba àtúnṣe Windows, kó sì máa pín in fún kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà yín ni ó fi ń ṣàánú. Ẹ wá a lábẹ́ Windows Update, nínú Advanced options, kí ẹ yàn pé kọ̀ǹpútà inú ilé nìkan ni kó máa pín in fún. Ẹ má pa á pátápátá o, tí kọ̀ǹpútà bá pọ̀ nílé yín. Ọ̀kan á gba àtúnṣe wọlé, àwọn yòókù á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, owó sọ́bù á sì dín kù. Ti torrent, tí àwọn kan fi ń gba fíìmù tí wọ́n sì ń pín in fún ẹlòmíì, ò gba àlàyé. Ẹni tó ń lò ó mọ ohun tó ń ṣe.

Irú kejì wà tó yàtọ̀ pátápátá. Èyí kò jẹ dátà rárá. Ó kàn jìnnà ni. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà ní BQ, láàárín òun àti ráútà ni ògiri bọ́lọ́ọ̀kù mẹ́ta àti irin ojú fèrèsé wà. Wi-Fi kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọ̀nà kan, àsìkò ni wọ́n ń pín. Ẹni tó jìnnà ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣì í gbọ́, torí náà ọ̀rọ̀ kékeré tó fẹ́ sọ á gba àsìkò gbọọrọ, àwọn tó yára á sì dúró dè é. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, fi èyí hàn kedere lórí Wi-Fi ìgbà yẹn. Àwọn kọ̀ǹpútà tó lè sọ̀rọ̀ ní megabit 11 jókòó ti ráútà, ọ̀kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀ ní megabit 1 wọlé, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí lò sì wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ megabit 1. Àwọn ráútà tuntun kan ti ń gbìyànjú láti pín àsìkò dọ́gba. Ti àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ó mọ̀ ọ́n níbi ping. Ẹ ṣe é lórí láptọ́ọ̀pù tó wà lórí Wi-Fi lọ́tẹ̀ yìí. Tí òǹkà ráútà fúnra rẹ̀ bá ń fò láti 3 lọ sí 400 bí ẹ tiẹ̀ jókòó tì í, kì í ṣe ọ̀nà ìjáde ló kún, Wi-Fi ló há. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n fa wáyà lọ sí BQ. Wáyà Cat5e lè rìn tó mítà 100, kò sì sí kọ́ńpáǹdù wa tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Tí owó wáyà ò bá sí, ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sókè sí àárín ilé. Ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà ju ẹyọ kan lọ: kí àwọn tó súnmọ́ ọn lọ sórí 5 GHz, kí wọ́n fi 2.4 GHz sílẹ̀ fún ará BQ, torí 5 kì í wọ ògiri dáadáa.

Ti kòkòrò kọ̀ǹpútà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Conficker tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 wọ inú mílíọ̀nù mélòó kan kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ rẹ̀ lóríṣiríṣi kò sì tíì tán nílẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí wọ́n fi Windows 7 ayédèrú sí ni mo máa ń fura sí jù. Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe Windows 7 láti oṣù Kìíní ọdún 2020, ti Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àyàfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Tí kọ̀ǹpútà bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ ní òru tí gbogbo ètò sì wà ní pípa, tí orúkọ tó ń ṣe é ò sì yé yín, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ kó ìwé àti fọ́tò yín jáde, kí ẹ pa inú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ fi Windows gidi sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí wọ́n fi ètò apakòkòrò nù ún. Èmi ò fọkàn tán ìyẹn mọ́.

Mo ní mo máa padà sórí ráútà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí ẹ ti lè fi òdiwọ̀n sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń pè é ní Bandwidth Control tàbí QoS. Tó bá jẹ́ èyí tó gba OpenWrt ni, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò ti inú ráútà, ẹ lè fi SQM tó ń tọ́jú ìlà sí i, inú rẹ̀ ni fq_codel wà. Ẹ sọ fún un pé ọ̀nà yín kéré díẹ̀ sí bó ṣe jẹ́ gan-an. Tí ẹ bá ń rí megabit 2, ẹ kọ 1.8, kí ìlà lè wà lọ́wọ́ ráútà tiyín, kó má lọ tò sí ibi tí ẹ ò ti lè ṣàkóso rẹ̀. Lórí 4G tí ìyára rẹ̀ ń yí padà láàárọ̀ lálẹ́, ìyára ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Nígbà tí mo parí, bàbá kan bi mí bóyá kí òun kúkú ra sọ́bù tó tóbi jù. Mo ní, "Bàbá, ẹ bi wọ́n léèrè iye tó ń fi ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá gbé 20 lọ sí 40, tí 2 ṣì wà ní 2, owó yín ti bá omi lọ." Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lórí Zoom sọ pé alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni òun ní kíláàsì. Mo ní kí wọ́n fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, kí wọ́n dá OneDrive dúró lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé, kí àwọn ọmọ sì pa Wi-Fi orí fóònù wọn títí kíláàsì á fi parí, torí fóònù náà máa ń kó fọ́tò lọ sí Google Photos.

Ọmọkùnrin kan ló béèrè èyí tó dùn mọ́ mi jù. Ó ti yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà ilé wọn wò, kò rí nǹkan kan, síbẹ̀ ping òde ń fò tọ̀sán-tòru. Mo bi í bóyá wọ́n ní kámẹ́rà ní géètì. Ó ní mẹ́rin ni. Mo ní kó lọ wò ó bóyá wọ́n ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run láìdábọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó ra mẹ́mórì káàdì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ kìkì nígbà tí ẹnì kan bá ṣí áàpù wò ó. Tí kò bá ṣeé ṣe, kó dín bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó kù nínú Settings kámẹ́rà. Ojú ẹni tó ń kan géètì á ṣì hàn dáadáa.